Kì Í Ṣe Ẹnu Ọmọ Ló Ń Sọ Ọmú Di Pẹlẹbẹ

Láàárín àwọn abiyamọ, ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n máa ń sọ fún ara wọn ní kọ̀rọ̀: bí o kò bá fẹ́ kí ọmú rẹ wálẹ̀, tètè já ọmọ lẹ́nu ọmú. Mo mọ obìnrin kan tí ó gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ débi pé ọmọ rẹ̀ kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí ó ti fi fídà rọ́pò ọmú fún un. Nígbà tí ọmọ náà di ọmọ ọdún kan, ìyá yìí gbé ọmú kan lé àtẹ́lẹwọ́ níwájú mi, ó sì ní, “Ẹ wò ó, ó ti fúyẹ́.” Ó fúyẹ́ lóòótọ́, awọ òkè rẹ̀ sì hunjọ bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fún. Ó ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi pé òun ì bá ti já ọmọ ṣáájú ìgbà náà. Ó dùn mí gan-an, nítorí pé ọmọ ti pàdánù ọmú, ìyá kò sì rí ohun tí ó torí rẹ̀ já a.

Oyún fúnra rẹ̀ ni ó ń fa ìyípadà náà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oyún ni họ́mónù, àwọn èròjà tí ara fi ń darí ìdàgbàsókè, ti ń mú kí àwọn ẹ̀yà tí yóò ṣe wàrà dàgbà nínú ọmú. Ọmú yóò tóbi, awọ yóò nà tẹ̀lé e, àwọn okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó gbé ọmú ró, èyí tí Astley Cooper, oníṣẹ́ abẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàpèjúwe ní ọdún 1840, yóò sì nà pẹ̀lú. Ìgbàkígbà tí wàrà bá gbẹ, ìbáà jẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tàbí lẹ́yìn ọdún méjì, àwọn ẹ̀yà wọ̀nyẹn yóò súnkì, ṣùgbọ́n awọ tí ó ti nà kì í padà tó bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 2008, Brian Rinker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Kentucky, ní Amẹ́ríkà, tẹ àbọ̀ ìwádìí jáde lórí obìnrin 93 tí wọ́n ti lóyún rí, tí wọ́n sì wá bá oníṣẹ́ abẹ nítorí ọmú wọn. Ohun tí wọ́n rí pé ó ní ọwọ́ nínú ọmú tí ó wálẹ̀ ni ọjọ́ orí, iye oyún tí obìnrin ti ní, bí ó ṣe sanra tó, bí ọmú rẹ̀ ṣe tóbi tó kí ó tó lóyún, àti sìgá mímu. Fífún ọmọ lọ́mú kò sí níbẹ̀. Nítorí náà, kò sí ìdí kankan tí ìyá fi níláti torí ẹwà ọmú pa ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé tì, pé kí a fún ọmọ ní ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà, kí a sì máa bá a lọ pẹ̀lú oúnjẹ mìíràn títí dé ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tí ó sanra tẹ́lẹ̀ tí ó wá dín ara kù ń rí irú nǹkan kan náà, nítorí pé ọ̀rá pọ̀ nínú ọmú. Ẹ ronú nípa ìrọ̀rí olówùú: òwú lè dín, àpò sì lè fẹ̀ ju òwú lọ. Ọ̀tọ̀ ni kí ọmú dín kù, ọ̀tọ̀ ni kí ó wálẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé méjèèjì sábà máa ń wá pọ̀. Kò sí ìpara tí ó lè dá èyíkéyìí padà. Eré ìdárayá ń mú iṣan àyà lágbára, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọmú ni iṣan náà wà, kò sí nínú rẹ̀.

Láti mọ èyí tí ó jẹ́ nínú dídín kù àti wíwálẹ̀, oníṣẹ́ abẹ tí ó mọṣẹ́ máa ń ní kí obìnrin dìde dúró kí òun tó wò ó, nítorí pé ìdùbúlẹ̀ máa ń bo àṣírí ọmú tí ó wálẹ̀. Yóò fi téèpù wọn ọ̀nà láti kòtò kékeré ìsàlẹ̀ ọ̀fun dé orí ọmú, yóò sì wò ó bóyá orí ọmú wà lókè ìlà tí abẹ́ ọmú ti pàdé àyà, tàbí ó ti sọ̀ kalẹ̀ kọjá rẹ̀.

Bí orí ọmú bá ti kọjá ìlà náà, iṣẹ́ abẹ tí ó ń gbé ọmú sókè ni ọ̀rọ̀ kàn. Wọ́n á gé awọ tí ó pọ̀ jù kúrò, wọ́n á sì gbé orí ọmú lọ sókè. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: wọ́n rò pé iṣẹ́ abẹ yìí yóò mú ọmú kún. Kò fi ohunkóhun kún un. Ohun tí ó wà nílẹ̀ ni ó ń tò.

Bí ó bá jẹ́ pé ọmú dín ni, tí orí rẹ̀ ṣì wà ní ipò, wọ́n lè fi àpò sílíkónì, ohun rírọ̀ kan tí ènìyàn ṣe, tàbí àpò omi iyọ̀ sínú rẹ̀. Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi ti sílíkónì sínú ọmú obìnrin ní ọdún 1962. Àjọ FDA, tí ó ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, ká a lọ́wọ́ kò ní 1992, ó sì tún fàyè gbà á ní 2006. Àjọ yìí kan náà sọ ọ́ gbangba pé àpò náà kì í ṣe ohun tí ó ń bá ènìyàn dọ́jọ́ alẹ́. Ó lè bẹ́, ara sì lè hun awọ líle yí i ká tí yóò fún un pọ̀. Ní 2019, wọ́n kó irú kan tí ojú rẹ̀ rí ṣákaṣàka kúrò lọ́jà nítorí jẹjẹrẹ kan tí ó ṣọ̀wọ́n, tí ó máa ń bẹ̀rẹ̀ nínú awọ tí ara hun yí àpò náà ká. Ẹni tí ó bá gba àpò gba àyẹ̀wò déédéé mọ́ ọn, ó sì ṣeé ṣe kí ó tún padà sórí tábìlì iṣẹ́ abẹ lọ́jọ́ iwájú.

Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n fa ọ̀rá láti inú ikùn tàbí itan, kí wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ tò ó sínú ọmú. Ara ẹni ni, ṣùgbọ́n ara máa ń fa apá kan lára rẹ̀ gbẹ, ẹni tí ó sì ti rù púpọ̀ lè má ní ọ̀rá tí wọn yóò fà.

Ẹni tí ọmú rẹ̀ dín kù, tí ó sì tún wálẹ̀, lè nílò gbígbé sókè àti àpò papọ̀, iṣẹ́ tí ó ṣòro ju ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ, nítorí pé ọ̀kan ń fún awọ pọ̀, èkejì sì ń nà án. Kí ó dúró títí tí yóò fi tó oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà tí ó ti já ọmọ, kí ìwọ̀n ara rẹ̀ ti dúró sójú kan, kí ó sì jáwọ́ nínú sìgá, nítorí pé sìgá kì í jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ tètè jinná. Àwa aláwọ̀ dúdú sì tún ní ti àpá tí ó máa ń wú: ẹni tí ihò yẹtí tàbí àpá abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ti wú rí gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà kí abẹ tó kan ara rẹ̀.

Obìnrin tí ó ṣì fẹ́ bímọ ní láti béèrè ibi tí wọn yóò là. Bí wọ́n bá là á ní àyíká dúdú orí ọmú, ó lè gé ọ̀nà tí wàrà ń gbà ju bí wọ́n bá là á lábẹ́ ọmú lọ. Oyún mìíràn sì lè tún na awọ tí wọ́n ti tò. Ṣùgbọ́n bí ó bá bímọ tí wàrà sì wà, kí ó fún ọmọ mu; àpò sílíkónì tí ó wà nínú ọmú kì í ṣe ìdí láti gba ọmú lẹ́nu ọmọ.