Nọ́ńbà ọjọ́ orí tó wà lára páálí géèmù

Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń gbá géèmù ní ṣọ́ọ̀bù l'Abẹ́òkúta, láti Làfẹ́nwá dé Kútọ̀, kì í rí páálí géèmù náà sójú. Wọ́n á sanwó, wọ́n á gba pádì, ó parí. Bẹ́ẹ̀ páálí yẹn gan-an ni òfin tó ń dènà géèmù oníwà ipá fún ọmọdé rọ̀ mọ́ níbi tí irú òfin bẹ́ẹ̀ ti múlẹ̀.

Kí géèmù tó dórí igbá, àwọn kan á yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní: ṣé ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn níbẹ̀, ṣé ẹni tí wọ́n ń pa jọ èèyàn gidi? Wọ́n á wá fi ọjọ́ orí sára páálí. Ní Jámánì, USK, àjọ tó ń yẹ géèmù wò níbẹ̀, ló ń fún un ní 0, 6, 12, 16 tàbí 18, òfin sì ti sọ ọ́ di dandan láti ọdún 2003. Ẹni tó bá ta ti 18 fún ọmọ ọdún 15 ti rúfin. Ìlú Ọba náà fi òfin gbe nọ́ńbà PEGI, ìyẹn ètò ọjọ́ orí géèmù ti Yúróòpù, lẹ́sẹ̀ ní 2012.

Ọ̀nà ti Amẹ́ríkà yàtọ̀. Lẹ́yìn tí àwọn sẹ́nétọ̀ pariwo lórí Mortal Kombat, géèmù ìjà tí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, ní 1993, àwọn tó ń ṣe géèmù fúnra wọn dá ESRB, àjọ tó ń fi ọjọ́ orí sí géèmù, sílẹ̀ ní 1994. California fẹ́ kọjá ìyẹn: ní 2005, wọ́n ṣòfin pé ẹni tó bá ta géèmù oníwà ipá fún ọmọ tí kò pé 18 lè san ìtanràn tó tó 1,000 dọ́là. Ní June 27, 2011, adájọ́ méje nínú mẹ́sàn-án ní ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fagi lé e. Adájọ́ Scalia ní géèmù ní ẹ̀tọ́ kan náà pẹ̀lú ìwé, àti pé ìtàn àwọn ọmọdé kò ṣàìní ìwà ipá láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Òótọ́ ni, wọ́n lu Ìjàpá nínú àlọ́ títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi fọ́. Ṣùgbọ́n àgbà kan wà níbẹ̀ tó ń pa àlọ́ náà, tó mọ ibi tó yẹ kó dúró.

Ní Nàìjíríà, abala 35 nínú òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 lòdì sí ohun àwòrán oníwà ipá tó lè ba ọmọ jẹ́. Ìpínlẹ̀ Ògùn náà ti ní òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tirẹ̀. Àmọ́ níbi tí géèmù bá ti jẹ́ àdàkọ inú ọ̀rá, kò sí nọ́ńbà tí ọlọ́jà máa wò.

Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ṣì lè wá orúkọ géèmù lórí íntánẹ́ẹ̀tì PEGI tàbí ESRB lọ́fẹ̀ẹ́, kó kọ ọjọ́ orí rẹ̀ sára bébà tó lẹ̀ mọ́ ògiri. Lórí PlayStation 4, ó lè ti géèmù tó ju ọjọ́ orí ọmọ lọ pa pẹ̀lú nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀. PlayStation 2 kò ní irú ìtìpa yẹn fún géèmù, nítorí náà ẹni tó ń fi díìsì sí i ló máa wo ojú ọmọ tó jókòó kó tó gbé pádì fún un.