Irin Tó Bo Laptop Kọ́ Ló Ń Jẹ́ Kó Pẹ́

Ẹ wo ẹni tó fẹ́ ra laptop. Á fi ìka gbá ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Bó bá jẹ́ irin, tó tutù, tó sì tẹ́ẹ́rẹ́, á ní, "Eléyìí á bá mi kalẹ́." Oníke kì í tiẹ̀ rí ojú rere rẹ̀. Àmọ́ awọ fẹ́lẹ́ bonú, kò jẹ́ ká rí ikùn aṣebi.

Bátìrì ló sábà máa ń kọ́kọ́ kú. Bó bá ti gba iná kún ní ìgbà bíi 300 sí 1,000, bí wọ́n bá ṣe ṣe é sí, kò ní í gbà tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Eruku á dí fáànù, ihò tí à ń ki ṣájà bọ̀ á dẹ̀, omi á dà sórí kíbọ́ọ̀dù. Irin kò gba ọ̀kankan nínú wọn sílẹ̀. Ohun tó ń dá ẹ̀mí ẹ̀rọ sí ni pé kí èyí tó bàjẹ́ ṣeé yọ, kí òmíràn sì ṣeé fi rọ́pò rẹ̀.

Lọ́dún 2012, Apple gbé MacBook Pro oní-Retina jáde, alumíníọ̀mù látòkè délẹ̀. Wọ́n fi òjé jó RAM rẹ̀, ìyẹn ibi tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, mọ́ bọ́ọ̀dù, wọ́n sì fi gọ́ọ̀mù lẹ bátìrì mọ́nú. Àwọn iFixit tí wọ́n máa ń tú ẹ̀rọ wò fún un ní 1 nínú 10 lórí bó ṣe rọrùn tó láti tún ṣe. Ẹni tó ra èyí tí RAM rẹ̀ jẹ́ 8GB, 8GB náà ni yóò máa bá yí títí. Ẹ wá wo ThinkPad T480 tí Lenovo ṣe lọ́dún 2018, tó jẹ́ pé ike ló bò ó lóde. Ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀, ẹ ti ìkọ́ tó wà lẹ́yìn, bátìrì á yọ sí yín lọ́wọ́. Ẹ ò tiẹ̀ ní láti pa á, torí bátìrì kejì wà nínú tó ń gbé e ró. Ihò RAM rẹ̀ jẹ́ méjì, ẹ sì lè yọ èyí tó wà níbẹ̀ kí ẹ fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

(Ọ̀rọ̀ MIL-STD-810 tí wọ́n máa ń kọ sára páálí láti fi hàn pé ẹ̀rọ lágbára ńkọ́? Ìlànà ìdánwò àwọn ológun Amẹ́ríkà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ ló ń yan èyí tó wù ú nínú ìdánwò náà.)

Irin wúlò o, pàápàá níbi tí ìdérí ti ń ṣí tó ń pa dé, torí ike ibẹ̀ máa ń sán. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó sanwó, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ nípa RAM. Bó bá jẹ́ SO-DIMM, ìyẹn RAM tí wọ́n ń ki bọ ihò, ó ṣeé yọ. Bó bá jẹ́ LPDDR, ìyẹn irú RAM tí kì í jẹ iná púpọ̀, àfi díẹ̀, wọ́n ti jó o mọ́ bọ́ọ̀dù nìyẹn. Orúkọ kì í sọ ọ́ fún yín: ThinkPad T14 Gen 5 ní ihò RAM méjì, T14s kò ní ẹyọ kan, létà kan péré ló sì wà láàárín wọn.

Ẹ tún wá ìwé àtúnṣe ẹ̀rọ náà. Lenovo àti Dell ń gbé tiwọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ ṣí i síbi tí wọ́n ti ṣàlàyé bí a ṣe ń yọ bátìrì. Bó bá jẹ́ skúrù díẹ̀ ni, ẹ máa bá ọjà yín lọ. Bí wọ́n bá ní kí ẹ kọ́kọ́ fi ooru yọ́ gọ́ọ̀mù, èmi á fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń fìka gbá irin.