Bí dátà ṣe ń dé ọ̀dọ̀ service lórí Android, àti ibi tí gbogbo ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀

Ẹni tó bá ti ń kọ ápù fún Android á ti kọ àṣẹ putExtra àìmọye ìgbà, á fi orúkọ fáìlì tàbí nọ́ńbà oníbàárà sínú Intent (ìyẹn ìwé tí ápù fi ń rán Android níṣẹ́), á pe startService, service, ìyẹn apá ápù tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀, á sì gbà á. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ò kì í bèèrè ni pé kí ló dé tá a fi gbọ́dọ̀ di dátà bẹ́ẹ̀ kó tó lọ, kí ló dé tá ò kàn lè na object (dátà bó ṣe wà nínú mẹ́mọ́rì) sí service kó mú un? Ọ̀rọ̀ yẹn ti wà ńlẹ̀ kí Android tó dáyé.

Ilé iṣẹ́ kan wà ní California tó ń jẹ́ Be, Jean-Louis Gassée tó ti ṣiṣẹ́ ní Apple rí ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1990, àwọn ló ṣe BeOS, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà. Ọ̀dọ̀ wọn ni Binder ti bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ọ̀nà tí prógíráàmù méjì tí kálukú wà nínú process tiẹ̀ (àyè tó ń ṣiṣẹ́ sí, tó yà sọ́tọ̀ sí ti ẹlòmíì) lè gbà bá ara wọn sọ̀rọ̀. Be ò rọ́wọ́ mú lọ́jà, Palm, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe kọ̀ǹpútà àtẹ́lẹwọ́, ra dúkìá ẹ̀ lọ́dún 2001, àwọn ẹnjiníà bá kó Binder dání lọ síbẹ̀, wọ́n lò ó nínú Palm OS Cobalt, àmọ́ fóònù kankan ò jáde pẹ̀lú Cobalt. Ibẹ̀ ni ì bá parí sí o, ṣùgbọ́n PalmSource, ilé iṣẹ́ sọ́fúwià tó yọ lára Palm, ṣí kóòdù ẹ̀ sílẹ̀ fáráyé lórúkọ OpenBinder, Dianne Hackborn tó wà nínú àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà sì lọ sí Google, tó ti ra Android lọ́dún 2005, wọ́n wá tún Binder kọ fún Android. Lójú tèmi, a ò tíì yin obìnrin yìí tó.

Android nílò ẹ̀ gan-an ni. Ápù kọ̀ọ̀kan ló ní user tiẹ̀ lórí Linux, ó ní process tiẹ̀, kò sì lè ki ọwọ́ bọ mẹ́mọ́rì ápù míì. HTC Dream tó kọ́kọ́ gbé Android jáde lọ́dún 2008, RAM ẹ̀ ò ju 192 MB lọ, torí náà fóònù lè pa ápù yín nígbàkigbà kó lè ráyè, kó tún wá jí service dìde tó bá yá. Wàyí o, startService ò lọ sọ́dọ̀ service tààrà, ọ̀dọ̀ ActivityManager, apá Android tó ń bójú tó àwọn ápù, ló kọ́kọ́ ń lọ, inú process míì pátápátá sì nìyẹn wà. Àfi bí ẹni fi ẹrù rán dẹ́rẹ́bà ní gáréèjì, bó tiẹ̀ jẹ́ aládùúgbò yín lẹ fi ránṣẹ́ sí, ẹ ṣì gbọ́dọ̀ dì í. Ìdí nìyẹn tí dátà fi ń wọ inú Parcel (àpò tí wọ́n ń di dátà sí) kódà tí service bá wà nínú ápù yín gan-an. Èrè ibẹ̀ ni pé tí onStartCommand (ibi tí service ti ń gba Intent) bá dá START_REDELIVER_INTENT padà, tí fóònù wá pa service náà kó tó parí iṣẹ́, Android á tún fi Intent yẹn jíṣẹ́ fún un.

Serializable ti Java, ọ̀nà míì láti di object, ti wà tẹ́lẹ̀, àmọ́ kò yá, ni wọ́n bá ṣe Parcelable, níbi tẹ́ ẹ ti máa fọwọ́ ara yín kọ bí ohun kọ̀ọ̀kan ṣe máa wọlé àti bó ṣe máa jáde (ó ń súni lóòótọ́, èdè kóòdù Kotlin ló wá gbà wá pẹ̀lú Parcelize tó ń bá wa kọ ọ́). Àyè tí Binder sì fún process kan ò ju 1 MB lọ, gbogbo ìránṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́ ló jọ ń pín in. Ẹni tó bá ki fọ́tò ńlá sínú Intent á bá TransactionTooLargeException pàdé, ẹ tọ́jú fọ́tò sínú fáìlì, kẹ́ ẹ fi Uri ẹ̀ (àdírẹ́sì fáìlì náà) ránṣẹ́.

Lọ́dún 2009 ni IntentService dé pẹ̀lú Android 1.5, torí pé main thread (ibi tí ápù ti ń ṣe iṣẹ́ ojú ẹ̀) ni service ń lò, ápù ń dì mọ́ àwọn èèyàn lọ́wọ́. Ó dùn ún lò, Intent ń tò tẹ̀léra, ó ń ṣe wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Bátìrì ló dà á rú. Ápù pọ̀ jù tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀, nígbà tí Android 8.0 wá jáde lọ́dún 2017, ápù tí kò ṣí lójú fóònù, tí wọ́n sì ṣe fún Android yìí, tó bá pe startService, IllegalStateException ló máa rí gbà. Nígbà tó di Android 11, lọ́dún 2020, wọ́n ní ká yé lo IntentService.

WorkManager, ohun èlò tó ń ṣètò iṣẹ́ abẹ́lẹ̀, tí wọ́n mú wá lọ́dún 2018 là ń lò báyìí, ẹrù tó ń gbà sì tún kéré sí i, Data ẹ̀ ò gbọdọ̀ ju 10 KB lọ, ọ̀rọ̀ àti nọ́ńbà àtàwọn nǹkan kéékèèké bẹ́ẹ̀ ló ń gbà. Inú database ló ń kọ ọ́ sí, kí iṣẹ́ náà má bàa sọ nù téèyàn bá pa fóònù tó tún tàn án. Ẹ fi ID nìkan síbẹ̀, kí Worker (kóòdù tó ń ṣe iṣẹ́ náà) fúnra ẹ̀ lọ wá èyí tó kù nínú database yín.