Ṣé onímọ̀ ẹ̀rọ lè parí ìjà orí íntánẹ́ẹ̀tì?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí aáwọ̀ bá wà láàárín oníbàárà, ìjọba àti ilé-iṣẹ́ tó ń ta dátà, àléébù kan ló wà nínú ètò íntánẹ́ẹ̀tì tí onímọ̀ ẹ̀rọ tó mòye yóò tún ṣe lọ́jọ́ kan. Ìgbàgbọ́ yìí kò tọ̀nà. Ohun tí àwọn wọ̀nyí ń fẹ́ tako ara wọn ní ti gidi, ó sì ṣòro kí ètò kan wà tí kò ní gbè sẹ́yìn ẹnì kan nínú wọn.

Ẹ jẹ́ kí a wo DNS, ètò tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 1983 láti máa fi orúkọ ìkànnì wá nọ́ńbà kọ̀ǹpútà tó gbé ìkànnì náà dúró. Gbangba ni ìbéèrè yìí ń gbà kọjá láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹni tó ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè rí orúkọ tí oníbàárà béèrè, kí ó sì dènà èyí tó bá wù ú. Ohun yìí gan-an tó ń bí ẹni tó fẹ́ pa àṣírí ara rẹ̀ mọ́ nínú ni òbí tí kò fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ wo ìwòkuwò gbójú lé.

Nígbà tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ wá pinnu láti bo ìbéèrè náà kí ẹlòmíràn má lè kà á, ọ̀nà méjì ni wọ́n gbé jáde. DNS over TLS, ti 2016, ní port tirẹ̀ (nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà tí ìsọfúnni ń gbà wọ kọ̀ǹpútà), èyí tí í ṣe 853. DNS over HTTPS, ti 2018, ń gba port 443 tí àwọn ìkànnì tó ní ààbò ń gbà. Ní ti bíbo ọ̀rọ̀, wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè ti 853 pa láìsí wàhálà. Bí ó bá ti 443 pa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé íntánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ ló tì pa mọ́ àwọn oníbàárà rẹ̀. Nọ́ńbà tí ọ̀pọ̀ kò kà sí ló pinnu ẹni tí agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní oṣù Keje 2019, ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dárúkọ Mozilla, tó ni Firefox tí a fi ń wo ìkànnì, mọ́ àwọn tí oyè ọ̀daràn íntánẹ́ẹ̀tì ọdún náà tọ́ sí, nítorí pé ọ̀nà kejì yìí yóò yẹ ìdènà tí wọ́n fi ń dáàbò bo àwọn ọmọdé sílẹ̀. Ariwo sọ, wọ́n sì yọ orúkọ náà kúrò. Lójú tèmi, oyè náà kò tọ́, àmọ́ ẹ̀rù tó bà wọ́n kì í ṣe irọ́. Bẹ́ẹ̀ ni agbára tó kúrò lọ́wọ́ wọn kò pòórá: ọwọ́ ilé-iṣẹ́ bíi Cloudflare, tó ń dáhùn ìbéèrè tí Firefox bá bò, ló bọ́ sí.

Láti 2002 ni David Clark ti MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ti sọ pé kí ẹni tó ń ṣe ètò má ṣe pinnu ẹni tí yóò borí, kí ó fi àyè sílẹ̀ kí àbájáde lè yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn. Ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ ni Mozilla ṣe nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í tan DNS over HTTPS fún àwọn ará Amẹ́ríkà ní oṣù Kejì 2020. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè fi àmì kan hàn, Firefox kò sì ní tan ètò náà fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá fọwọ́ ara rẹ̀ tàn án, àmì náà kò lè pa á. Ó ní ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀, nítorí Firefox kò lè mọ̀ bóyá ilé-ìwé ló fi àmì náà síbẹ̀ tàbí ìjọba tó fẹ́ mọ ohun tí àwọn aráàlú ń kà.