Ṣé ẹni tí wọ́n ń ṣèwádìí nípa rẹ̀ lè wà lára àwọn tó ń ṣe ìwádìí náà?

Ìbéèrè: Mo ń gbọ́ pé ó yẹ kí àwọn tọ́rọ̀ kàn bá olùwádìí ṣe ìwádìí àwùjọ pọ̀. Ṣebí wọ́n ti ń bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀?

Wọ́n ń bi wọ́n o, àmọ́ ìbéèrè ẹlòmíì ni wọ́n ń dáhùn. Kí olùwádìí tó kan ilẹ̀kùn, ó ti pinnu ohun tó jẹ́ ìṣòro wọn, ó ti kọ ìbéèrè rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ti mọ ibi tí èsì ń lọ. Àjọṣe tá à ń sọ yìí ni pé kí àwọn tọ́rọ̀ kàn ti wà ní ìjókòó láti ìgbà tí wọ́n bá ń yan ohun tí wọ́n fẹ́ wádìí. A kì í kúkú fá orí lẹ́yìn olórí.

Ní 1969, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Sherry Arnstein, to oríṣiríṣi ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fa aráàlú mọ́ra sórí àkàbà onípele 8; bí ipele bá ṣe ga tó ni agbára aráàlú ṣe pọ̀ tó. Kí wọ́n kàn gbọ́ èrò aráàlú wà ní ipele 4, àjọṣe sì wà ní ipele 6. Lójú tèmi, ipele 4 yẹn ni ọ̀pọ̀ ìwádìí tó ń pe ara rẹ̀ ní àjọṣe ti ń jókòó.

Ìbéèrè: Bí wọ́n bá ti fọwọ́ síwèé pé àwọn gbà, kí ló tún kù?

Ó ku púpọ̀. Ẹ wo àwọn Havasupai, ẹ̀yà kékeré kan tó ń gbé nínú àfonífojì Grand Canyon ní Amẹ́ríkà. Àtọ̀gbẹ ń dà wọ́n láàmú. Láti 1990, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Arizona ń gba ẹ̀jẹ̀ lára wọn, ohun tó sì yé àwọn tó na apá sílẹ̀ ni pé tìtorí àtọ̀gbẹ ni. Ọ̀rọ̀ inú ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí gbòòrò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n tó mọ̀ pé wọ́n ti fi ẹ̀jẹ̀ yẹn wádìí àìsàn ọpọlọ, bóyá wọ́n máa ń fẹ́ ìbátan ara wọn, àti ibi tí àwọn baba ńlá wọn ti ṣí wá. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí dùn wọ́n wọra, torí ìtàn tí wọ́n jogún ni pé inú àfonífojì náà gan-an ni wọ́n ti ṣẹ̀. Wọ́n pẹjọ́. Ní 2010, yunifásítì náà gbà láti san 700,000 dọ́là fún 41 nínú wọn, ó sì dá ẹ̀jẹ̀ tó ṣẹ́ kù padà.

Ibi tí ìfọwọ́síwèé ẹ̀ẹ̀kan péré lè já sí nìyẹn. Ká ní àwọn Havasupai jẹ́ alábàáṣe ni, ìgbàkígbà tí àwọn olùwádìí bá fẹ́ lo ẹ̀jẹ̀ náà fún nǹkan míì ni wọn ì bá padà wá béèrè lọ́wọ́ wọn. Àwọn San, ẹ̀yà àbínibí kan ní Gúúsù Áfíríkà, ò tiẹ̀ dúró de ẹnikẹ́ni: ní 2017, wọ́n fọwọ́ ara wọn gbé òfin kalẹ̀ fún olùwádìí tó bá fẹ́ wá sọ́dọ̀ wọn.

Ìbéèrè: Bí àwọn tọ́rọ̀ kàn bá wà nínú ìwádìí, ṣé wọn ò ní yí èsì sí ibi tó wù wọ́n?

Ẹ̀rù yìí tọ́, mi ò ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Àmọ́ olùwádìí náà ní ibi tí ojú tirẹ̀ ń wò. Ní àwọn ọdún 1980, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìwádìí nípa àwọn àkàndá ẹ̀dá. Ọ̀kan nínú ìbéèrè wọn ni pé àìsàn wo ni kì í jẹ́ kó rọrùn fún yín láti di nǹkan mú tàbí láti yí i. Mike Oliver, onímọ̀ àwùjọ tó ń lo àga oníkẹ̀kẹ́, yí ìbéèrè náà padà ní 1990: kí ló kù díẹ̀ káàtó lára ìgò àti agolo, tó fi ṣòro fún yín láti dì í mú tàbí láti yí i? Ọwọ́ yẹn náà ni, ìgò yẹn náà ni. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ń rán wa lọ sọ́dọ̀ dókítà, ìkejì ń rán wa lọ bá ẹni tó ṣe ìgò. Ẹni tí ìgò ti dà láàmú rí ló lè rí ìyàtọ̀ yìí kíákíá.

Ní ti èsì, ẹ jọ kọ ọ́ sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ pé bó dùn, bó korò, ẹ máa gbé e jáde.

Ìbéèrè: Ta ni ká wá pè?

Kì í ṣe olórí wọn nìkan. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń ta jù kì í sábà wá sípàdé, torí pé ó wà lẹ́nu iṣẹ́, ó ń tọ́jú aláìsàn, tàbí kò gbójúgbóyà láti sọ̀rọ̀ níwájú àwọn àgbà. Ẹ lọ bá a níbi tó wà, ní àkókò tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Ìbéèrè: Ṣé ká sanwó fún wọn?

Bẹ́ẹ̀ ni. Owó ń wọlé fún olùwádìí lórí iṣẹ́ yìí. Kí ló dé tí ti ẹnì kejì á fi jẹ́ ọ̀fẹ́? Kí orúkọ wọn sì wà lára ìwé tó bá jáde, bí wọ́n bá fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè: Tó bá jẹ́ ẹnu ọ̀nà tèmi ni wọ́n wá kàn ńkọ́?

Ẹ béèrè lọ́wọ́ olùwádìí náà pé bí iṣẹ́ bá parí, ọwọ́ ta ni ohun tí ẹ sọ máa wà, ta ló sì lè tún un lò? Bí kò bá rí ìdáhùn fún yín, ẹ ní kó lọ wá a wá ná.