Gbàdúrà fún Ẹni Tí O Nà: Bí Póìǹtì Ṣe Ń Wọ Super Six

Ìlú Kuching ní Màléṣíà ni, ọjọ́ 20 oṣù kìíní ọdún 2025, níbi ìdíje àgbáyé kríkẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọdún 19. Òjò ti jẹ nínú àkókò eré, wọ́n sì gé e láti ófà 20 sí 13 (bọ́ọ̀lù mẹ́fà tí wọ́n ń jù tẹ̀ léra ni ófà kan). Àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà gbá rọ́ọ̀nù 65. Nígbà tó ku ófà kan ṣoṣo, rọ́ọ̀nù mẹ́sàn-án ni New Zealand ń wá. Lillian Udeh ló gba bọ́ọ̀lù láti jù ú, mẹ́fà péré ló sì jẹ́ kí wọ́n rí. 65 sí 63. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí ikọ̀ yìí máa dé ìdíje àgbáyé.

Nígbà tí eré ìsọ̀rí parí, póìǹtì mẹ́ta ni Nàìjíríà ní. Wọ́n gba méjì lọ́wọ́ New Zealand, òjò sì fún wọn ní ọ̀kan, nítorí pé ó ti ba eré tí wọ́n fẹ́ bá Sàmóà gbá jẹ́, tí ikọ̀ méjèèjì fi gba ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gúúsù Áfíríkà na Nàìjíríà ní tiwọn. Àmọ́ ẹni tó bá ṣí tábìlì ìpele tó tẹ̀ lé e, èyí tí wọ́n ń pè ní Super Six, póìǹtì méjì ló máa bá níwájú orúkọ Nàìjíríà kí wọ́n tó ju bọ́ọ̀lù kankan. Ibí yìí ni ẹni tó wo tábìlì lásán ti máa ń pariwo pé wọ́n ti rẹ́ wa jẹ. Wọn ò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. New Zealand ní póìǹtì méjì nínú ìsọ̀rí, òdo ni wọ́n sì gbé wọ Super Six.

Bí wọ́n ṣe ń gbá kríkẹ́ẹ̀tì gan-an kò sí nínú àlàyé yìí. Ẹni tó bá ti mọ̀ pé bọ́ọ̀lù mẹ́fà ló wà nínú ófà kan, tó sì mọ̀ pé rọ́ọ̀nù ni wọ́n ń kà, ó ti tó gbéra. Ìdíje àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ tí kò tíì pé ọdún 19, tí ICC, àjọ tó ń darí kríkẹ́ẹ̀tì lágbàáyé, ń ṣètò, méjì ni: ti ọkùnrin, tí wọ́n kọ́kọ́ gbá ní Ọsirélíà ní 1988, àti ti obìnrin, tó bẹ̀rẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà ní 2023. Ikọ̀ 16 ló wá sí ti obìnrin ọdún 2025, mẹ́rin mẹ́rin nínú ìsọ̀rí mẹ́rin. Mẹ́ta á rékọjá, ọ̀kan á já. (Ọjọ́ kan wà ṣáájú ìdíje tí wọ́n fi ń wọn ọjọ́ orí. Ọmọ tó bá wá pé 19 lẹ́yìn ọjọ́ náà kò yí ọjọ́ orí, ẹ fi í lọ́rùn sílẹ̀.)

Ikọ̀ 12 tó rékọjá ni wọ́n á pín sí Super Six méjì, mẹ́ta láti ìsọ̀rí kan, mẹ́ta láti òmíràn. Àwọn tí wọ́n jọ ti ìsọ̀rí kan náà wá kì í tún ara wọn pàdé níbẹ̀; èyí tí wọ́n ti gbá tẹ́lẹ̀ ló dúró. Òfin tó dúró lórí rẹ̀ kò gùn: ohun tí o gbà lọ́wọ́ ẹni tí ẹ jọ rékọjá nìkan ni o lè gbé dání. Ohun tí o gbà lọ́wọ́ ẹni tó já, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni o máa fi sílẹ̀. Sàmóà ló já nínú ìsọ̀rí yẹn. Nítorí náà póìǹtì òjò Nàìjíríà bá Sàmóà lọ sílé, bẹ́ẹ̀ náà ni méjì tí New Zealand rí nígbà tí wọ́n na Sàmóà. Gúúsù Áfíríkà tó na gbogbo wọn, tó ní póìǹtì mẹ́fà, gbé mẹ́rin wọlé.

Kárí-ófà (carry-over, kì í ṣe ófà bọ́ọ̀lù mẹ́fà) ni orúkọ tí èyí ń jẹ́ lẹ́nu àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ṣeni láàánú pé orúkọ náà ti bàjẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó bá ti lọ sí yunifásítì ní Nàìjíríà, tó gbọ́ kárí-ófà, àyà rẹ̀ á kọ́kọ́ já: kọ́ọ̀sì tó fìdí rẹmi ló ń tẹ̀ lé e lọ sí ọdún tó ń bọ̀. Ti kríkẹ́ẹ̀tì yàtọ̀ pátápátá, ìṣẹ́gun ló ń tẹ̀ lé èèyàn lọ. Owó náírà ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 ló sún mọ́ ọn jù. Owó àtijọ́ wà nínú àpò rẹ, ó pé, o ṣiṣẹ́ fún un, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé ayédèrú ni. O dé ọ̀dọ̀ ìyá oníẹ̀wà, wọ́n wò ó, wọ́n mi orí. Póìǹtì Sàmóà nìyẹn. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ padà dá owó àtijọ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún náà, Super Six ò sì ní ilé ẹjọ́.

Ohun tó mú kí ètò yìí gbọ́n hàn nínú ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan náà tí Nàìjíríà na New Zealand. Lọ́jọ́ yẹn, Gúúsù Áfíríkà lé gbogbo ikọ̀ Sàmóà jáde lórí rọ́ọ̀nù 16, kò sì gba ófà méjì kí wọ́n tó gbá tiwọn kọjá. Bí póìǹtì àti iye ìṣẹ́gun bá dọ́gba láàárín ikọ̀ méjì, net run rate ni wọ́n fi ń yà wọ́n: rọ́ọ̀nù tí o ń gbá nínú ófà kan, yọ èyí tí o ń gbà kí wọ́n gbá sí ọ. Iye àwọn tí kò tíì jáde nínú ikọ̀ rẹ kò sí nínú ìṣirò náà rárá, ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣì mú nìyẹn. Bí wọ́n bá sì lé ikọ̀ kan jáde tán kí ófà rẹ̀ tó pé, gbogbo ófà tó yẹ kó gbá ni wọ́n á kà sí i lọ́rùn. Ẹ lè wá fojú inú wo ohun tí 16 yẹn ṣe fún Gúúsù Áfíríkà. Nínú ìdíje mìíràn, wọn ì bá jókòó lé e títí dé òpin. Nínú èyí, ó pòórá, torí net run rate náà ń tẹ̀ lé òfin póìǹtì: eré ẹni tó já kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ sanra, kò lè sanra lára aláìlágbára.

Ṣùgbọ́n òfin kan náà yìí ló bí nǹkan àjèjì kan. Bí o bá ti na ẹnì kan, ire rẹ ni pé kí nǹkan máa lọ dáadáa fún un. Ní ọjọ́ 22, nígbà tí New Zealand àti Sàmóà ń bá ara wọn gbá, ó yẹ kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà tó mọ òfin náà máa pàtẹ́wọ́ fún New Zealand, àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà láàmú ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Bí New Zealand bá já, póìǹtì méjì yẹn bá wọn já, ọ̀kan ti òjò ló máa padà wúlò. New Zealand borí, ìṣẹ́gun Nàìjíríà sì dúró.

Àwọn àgbàlagbà ti fi èyí ṣe ọgbọ́n àlùmọ̀kọ́rọ́yí rí. Nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé kríkẹ́ẹ̀tì ọdún 1999, Ọsirélíà ti pàdánù sọ́wọ́ New Zealand nínú ìsọ̀rí. Ó wá kan West Indies. Rọ́ọ̀nù 110 ni West Indies gbá kí gbogbo wọn tó jáde. Ọsirélíà lè lé 111 bá kíákíá, ṣùgbọ́n wọ́n rìn gbẹ̀rẹ́, wọ́n lo ófà 40 àti bọ́ọ̀lù mẹ́rin, kí net run rate West Indies má bàa bàjẹ́ jù, kó lè borí ti New Zealand. Ẹni tí wọ́n nà ni wọ́n fẹ́ kó rékọjá. New Zealand lọ na Scotland lọ́jọ́ kejì, àwọn ni wọ́n rékọjá, Ọsirélíà sì wọ Super Six pẹ̀lú òdo. Wọ́n ṣáà gba ife náà nígbẹ̀yìn, kò sì yẹ kí wọ́n rí i gbà lọ́nà yẹn.

Ọmọ Nàìjíríà tó bá sì ń bínú sí yíyọ èsì ẹni tó gbẹ̀yìn kúrò, ó ṣeé ṣe kó ti jó sí i rí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, nígbà tí eré bọ́ọ̀lù tí Áfíríkà fi ń wá àyè Ife Àgbáyé 2026 parí, Burkina Faso ní póìǹtì 21, Nàìjíríà ní 17. Àmọ́ Eritrea ti yọ ara rẹ̀ kúrò, ìsọ̀rí rẹ̀ ku márùn-ún dípò mẹ́fà, nítorí náà wọ́n yọ èsì tí gbogbo àwọn tó ṣe ipò kejì ní sí ẹni tó gbẹ̀yìn. Burkina Faso ti na Djibouti lẹ́ẹ̀mejì: mẹ́fà lọ, ó ku 15. Nàìjíríà ti bá Zimbabwe ta ọ̀mì lẹ́ẹ̀mejì, ohun tí gbogbo ilé ti fi gégùn-ún: méjì lọ, ó ku 15. Nínú ìyàtọ̀ góòlù tí wọ́n gbá wọlé àti èyí tí wọ́n gbá sí wọn, ẹyọ kan ṣoṣo ló yà wọ́n, méje sí mẹ́fà, Nàìjíríà sì wọ ìpele àfikún. Kò sẹ́ni tó pariwo ìrẹ́jẹ ní Èkó lọ́jọ́ yẹn.

Àbùkù gidi tó wà lára Super Six ni pé kò gùn tó. Ikọ̀ kọ̀ọ̀kan kàn ń gbá eré méjì níbẹ̀ ni: ẹni tó ṣe ipò kìíní á pàdé ẹni kejì àti ẹni kẹta láti ìsọ̀rí kejì, kò ní pàdé ẹni kìíní bíi tirẹ̀. Mẹ́rin ni póìǹtì tó pọ̀ jù tí èèyàn lè rí nínú méjèèjì. Gúúsù Áfíríkà ti ní mẹ́rin kó tó wọlé, ó sì dé àṣekágbá kí Íńdíà tó nà án. New Zealand tó wọlé lọ́wọ́ òfo, bó bá tiẹ̀ borí nínú eré méjèèjì, ibi tí Gúúsù Áfíríkà ti bẹ̀rẹ̀ ló máa parí sí. Eré mẹ́ta, mẹ́rin fún irú ikọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ì bá tọ́, àmọ́ pápá àti ọjọ́ kì í tó, òjò Màléṣíà sì wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tún padà sí ófà Udeh. Ká ní New Zealand rí mẹ́sàn-án tí wọ́n ń wá, ó ṣeé ṣe kí Nàìjíríà ṣì rékọjá: póìǹtì òjò wà lọ́wọ́ rẹ̀, Sàmóà tó ní irú rẹ̀ náà sì ti gbá 16. Ọwọ́ òfo ni wọn ì bá bá wọ Super Six, New Zealand ì bá sì wọ̀ ọ́ pẹ̀lú méjì.