Milk snake inú ike: báwo ló ṣe ń yára dàgbà, ibo ló sì ń gùn dé?

Láti bí ọjọ́ mélòó kan ni fídíò kan ti ń lọ káàkiri lórí WhatsApp nílùú Ilé-Ifẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé ike oúnjẹ dání, ejò pupa tín-ín-rín kan tó ní òrùka dúdú àti funfun lára sì ká jọ sínú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ náà ní milk snake ni, pé kò ní í gùn ju apá òun lọ. Ẹnì kan fi ohùn ránṣẹ́ tẹ̀lé e pé irọ́ ni, pé tó bá fi máa pé ọdún mẹ́ta, ewúrẹ́ ni yóò máa gbé mì. Ìbéèrè sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé.

Ṣé ọmọ erè ni?

Rárá. Wọn kì í tilẹ̀ ṣe ẹbí kan náà.

Níbo ló ti wá?

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni, láti gúúsù ìlà-oòrùn Kánádà gba Mẹ́síkò lọ títí dé Ecuador àti Venezuela. Kò sí i nínú igbó kankan ní Áfíríkà. Èyí tí ẹ bá rí nílẹ̀ yìí, èèyàn ló gbé e wá.

Ṣé lóòótọ́ ló ń mu wàrà màlúù?

Kò rí bẹ́ẹ̀. Eku ló ń bá lọ sí ilé màlúù. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ń bá a lẹ́bàá màlúù, wọ́n bá rò pé ọmú ló wá mu.

Tó bá dàgbà tán, báwo ló ṣe máa ń gùn tó?

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti dojú rú. Ẹni tó ní kò ju ẹsẹ̀ bàtà 2 lọ ò parọ́, ẹni tó ní ó ń tó ẹsẹ̀ bàtà 6 náà ò parọ́. Orúkọ kan náà ni wọ́n fi ń pe oríṣiríṣi ejò. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀yà kan ṣoṣo ni àwọn onímọ̀ kà wọ́n sí, pẹ̀lú ìsọ̀rí bíi 25 lábẹ́ rẹ̀. Lọ́dún 2014 ni àyẹ̀wò DNA mú kí wọ́n pín in sí ẹ̀yà 7.

Èyí tó kéré jù láàárín wọn ni scarlet kingsnake, tí kì í sábà ju sẹ̀ǹtímítà 50 lọ. Eastern milk snake máa ń wà láàárín 60 sí 90, èyí tó gùn jù tí wọ́n tíì wọ̀n sì tó nǹkan bíi 132. Pueblan ń tó nǹkan bí 90. Honduran, tí àwọn tó ń sin ejò fẹ́ràn gan-an, ń tó 120, òmíràn ń dé 150. Milk snake dúdú ti Costa Rica àti Panama lè dé 180, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà 6.

Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé milk snake lòun ń tà, ẹ bi í léèrè pé irú èwo. Ẹ má sì gbára lé àwọ̀ nìkan. Tí milk snake dúdú bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin, òun náà ní òrùka pupa, dúdú àti funfun bíi ti àwọn ìyókù. Bó ṣe ń dàgbà, dúdú á máa yọ ní etí ìpẹ́ kọ̀ọ̀kan, pupa á máa ṣókùnkùn, òrùka á máa parẹ́ díẹ̀díẹ̀, títí gbogbo ara rẹ̀ yóò fi dúdú. Ẹni tó rò pé ejò pupa kékeré lòun rà lè wá máa tọ́ ejò dúdú tó gùn ju òun fúnra rẹ̀ lọ.

Ti ewúrẹ́ yẹn, ẹ fọkàn balẹ̀. Èyí tó gùn jù nínú wọn, eku, alángbá, ẹyẹ kékeré àti ejò mìíràn lẹnu rẹ̀ gbà.

Báwo ló ṣe ń yára dàgbà?

Eastern tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin máa ń gùn tó sẹ̀ǹtímítà 14 sí 28. Ọdún àkọ́kọ́ ló ń yára jù. Nínú igbó, ó ń tó ọdún 3 tàbí 4 kó tó lè bímọ, lẹ́yìn ìyẹn ìdàgbà rẹ̀ á falẹ̀ gan-an.

Oúnjẹ àti ooru ló ń pinnu eré rẹ̀. Ara ejò kì í dá ooru tó máa lò sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí àyíká bá tutù, oúnjẹ ò ní í dà nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tó wà ní Kánádà fi ń sá pamọ́ sínú ihò fún ọ̀pọ̀ oṣù nígbà òtútù, láìjẹun, láìdàgbà. Ifẹ̀ ò ní irú òtútù bẹ́ẹ̀, èyí tó bá ń jẹun níbí yípo ọdún yóò yára ju ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ inú igbó lọ. Àmọ́ bí ọyẹ́ bá mú tí ejò bá kọ oúnjẹ, ẹ má fi dandan lé e. Oúnjẹ tí kò bá dà, yóò bì í ni.

Bí mo bá fi í sínú ike kékeré, ṣé kò ní í kéré títí?

Ó dùn mí pé ìbéèrè yìí ló pọ̀ jù. Ike kì í dá ìdàgbà ejò dúró. Bí àyè bá há, yóò máa fi imú ha ìdérí títí imú á fi bó, ó lè kọ oúnjẹ pátápátá. Ejò tó kéré torí pé wọn ò fún un lóúnjẹ, ebi ló ń pa á. Ọmọ ejò lè gbé inú ike kékeré, torí ó fẹ́ràn ibi tó lè sá pamọ́ sí. Bó ṣe ń gùn sí i, ẹ gbé e sí àpótí tó lè na ara rẹ̀ tán nínú rẹ̀, kí ìdérí sì dé dáadáa. Ibi tí orí rẹ̀ bá ti gbà, gbogbo ara rẹ̀ ló ń gbà.

Bí mo bá ń bọ́ ọ yó lójoojúmọ́ ńkọ́?

Ọ̀rá ni yóò kó. Ọmọ ejò ń jẹ ọmọ eku tí kò tíì hu irun ní ọjọ́ 5 sí 7 síra wọn, àgbà ń jẹun ní ọjọ́ 10 sí 14. Eku náà ò gbọ́dọ̀ fi bẹ́ẹ̀ sanra ju ibi tí ara ejò ti sanra jù lọ.

Mo wọn awọ tó bọ́, ó gùn ju ejò náà lọ. Ṣé ó ti sún kì ni?

Kò sún kì. Láti ètè ni ejò ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ awọ, awọ náà á máa yí inú síta bó ṣe ń kúrò lára rẹ̀. Awọ tó ká pọ̀ sáàárín ìpẹ́ á wá na tán, ó sì tún rọ̀, nítorí náà ó máa ń gùn ju ejò gan-an lọ dáadáa. Ọ̀pọ̀ ìròyìn nípa ejò tó gùn jàǹrànjanran, awọ ni wọ́n wọ̀n.

Kí ẹ tó jù ú nù, ẹ wo ibi orí rẹ̀. Ẹ óò rí nǹkan roboto méjì tó mọ́ gaara bíi gíláàsì, ìbòrí ojú rẹ̀ nìyẹn. Bí ọ̀kan bá sọnù, ó ṣeé ṣe kó ṣì lẹ̀ mọ́ ojú. Ẹ má fi èékánná ṣí i, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Tó bá jẹ́ ìdàgbà lẹ fẹ́ mọ̀, ẹ gbé ejò sórí ìwọ̀n lẹ́ẹ̀kan lóṣù.

Ṣé méjì lè gbé àpótí kan?

Ó tì o. Ejò tó ń jẹ ejò ni.

Ṣé ó ní oró?

Kò ní. Ó ń fún ẹran pa ni. Ó lè géni jẹ, kí ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó ń bà mí lẹ́rù nínú fídíò yẹn ni pé ọmọdé lè wò ó tán kó lọ mú ejò aláràbarà lẹ́yìn ilé. Kò sí milk snake nínú oko tàbí koríko Ifẹ̀ àti Iléṣà. Paramọ́lẹ̀ wà níbẹ̀, sèbé wà níbẹ̀. Àwọ̀ ò lè sọ fún yín èyí tó lóró.

Bí ejò bá ṣán ẹnikẹ́ni, ẹ má gé ojú ibẹ̀, ẹ má fi ẹnu fà á, ẹ má fi okùn dè é pinpin. Ẹ bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà kúrò lára rẹ̀, ẹ má jẹ́ kó fi ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ náà ṣe wàhálà, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀: OAUTHC ní Ifẹ̀, Wesley Guild ní Iléṣà. Ẹ má fi àkókò ṣòfò láti wá ejò náà.

Bó bá sú mi, ṣé mo lè tú u sílẹ̀ sínú igbó?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. California kingsnake, tó jẹ́ ìbátan rẹ̀ tímọ́tímọ́, di ejò igbó ní Gran Canaria, erékùṣù kan tó jẹ́ ti Spéìn, látọwọ́ àwọn tó ń sìn ín. Níbi tó ti pọ̀ sí, alángbá ńlá tó jẹ́ ti erékùṣù náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Wọ́n ṣì ń kó ejò náà títí di òní, kò tán.

Ọmọ mi tó wà ní yunifásítì fẹ́ rà á. Kí ni kí n sọ fún un?

Ẹ ní kó kọ́kọ́ sọ irú èwo, kó sì sọ ibi tí yóò ti máa rí eku. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í léèrè ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Milk snake tí wọ́n bá tọ́jú dáadáa lè lo nǹkan bí 20 ọdún, òun á sì ti kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ kó tó pé 5.